Bí A Ṣe Ń Béèrè Ìbéèrè Tó Ń Pa Kíláàsì Lẹ́rìn-ín

"Ṣé ẹja máa ń mu omi?"

Ẹ bi ogójì ènìyàn ní ìbéèrè yìí lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín ló máa kọ́kọ́ sọ. Ẹnìkan á ní, "Kí lo tún fẹ́ kó mu, ẹ̀kọ?" Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jẹ́ kí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, tí ẹ wá ní kí àwọn tó rẹ́rìn-ín dáhùn, àwọn kan á ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan á ní ó tì o, ẹnu wọn kò sì ní í kò lórí ìdí rẹ̀. Ìdáhùn náà dùn ju ẹ̀rín lọ. Ẹja inú òkun ń mu omi gidi gan-an. Iyọ̀ inú òkun ju iyọ̀ inú ara rẹ̀ lọ, omi ara rẹ̀ sì ń sá jáde ṣáá. Bí kò bá mu, inú omi yẹn náà ló máa gbẹ sí. Ó ń gbé omi iyọ̀ náà mì, ó wá ń ti iyọ̀ tó pọ̀ jù jáde láti ibi tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Àrọ̀ tí wọ́n ń sìn nínú kòtò omi kò ní wàhálà yẹn. Omi ń wọ ara tirẹ̀ fúnra rẹ̀, torí náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mu nǹkan kan. Ìtọ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, ó ń tọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Mo ti sọ èyí fún àwọn àgbàlagbà tó ti ń jẹ ẹja láti kékeré, tí wọ́n ní kí n tún un sọ.

Tíṣà ni mí. Fisíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan n'Íbàdàn, mo sì máa ń gba iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ kékeré pẹ̀lú. Ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́ kó yé mi ni pé ibi tí ẹ̀rín bá ti sọ lórí ìbéèrè, ibẹ̀ gan-an ni ohun tí gbogbo wa rò pé a mọ̀ wà, tí ẹnikẹ́ni ò tíì yẹ̀ wò. Ẹ̀rín yẹn ń júwe ibi tó yẹ ká gbẹ́ fún wa. Nítorí náà, mi ò kí ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n yẹra fún ìbéèrè rádaràda. Mo ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa béèrè rẹ̀ tí wọ́n á fi rí ìdáhùn gbà. Ohun tí mo ń sọ fún wọn nìyí.

Ohun tí ojú ti mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè tó dára kì í jìnnà. Ohun tí a ń rí lójoojúmọ́, tí a ti ní "bó ṣe rí nìyẹn," ni kí ẹ mú. Ẹ jẹ́ ká mú ewúrẹ́. Ní àdúgbò tí mò ń gbé, ewúrẹ́ pọ̀ ju mọ́tò lọ. À ń lé e nídìí èlùbọ́ tí a sá, à ń fi í ṣe ìnáwó, à ń jẹ orí rẹ̀ nínú ọbẹ̀. Ta ló wo inú ẹyinjú rẹ̀ rí? Ọmọ kan ní JSS 2 ló dìde tó bi mí pé, "Mà, kí ló dé tí ojú ewúrẹ́ fi rí bí ihò kóló?"

Kíláàsì dàrú. Àmọ́ òótọ́ lọmọ náà sọ. Dúdú inú ẹyinjú tiwa rí róbótó. Ti ewúrẹ́ nà gbọọrọ sí ọ̀tún àti òsì, bí ihò tí à ń sọ owó sí gẹ́lẹ́. Ẹran tí àwọn ẹranko ńlá ń pa jẹ ni ewúrẹ́. Ojú tó nà báyẹn ń jẹ́ kó rí ọ̀tún, òsì àti apá kan ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà, kó lè tètè mọ ẹni tó ń yọ́ bọ̀. Ìbéèrè míì tún bí látinú èyí: bí ewúrẹ́ bá wá tẹrí ba láti jẹun ńkọ́, ṣé ihò náà ò ní í dúró lóòró ni? Ní ọdún 2015, Martin Banks àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Berkeley l'Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Bí ewúrẹ́ bá tẹrí ba, ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì máa ń yí nínú agbárí, tó fi jẹ́ pé ihò náà á ṣì bá ilẹ̀ lọ ní ìbú.

Mo ní kí àwọn ọmọ lọ wò ó fúnra wọn. Wọ́n fi èèpo iṣu tan ewúrẹ́ kan lẹ́yìn ògiri ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọ́n ń wo ojú rẹ̀ bó ti ń jẹun. Ìyá kan tó ń kọjá lọ dúró, ó bi wọ́n pé kí ni ewúrẹ́ náà gbé mì.

Àwọn baba wa mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, torí ohun tí àlọ́ àpamọ̀ wà fún nìyẹn. "Ta ló ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba?" Bí ènìyàn bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, á rẹ́rìn-ín, torí ta ló tó bẹ́ẹ̀? Àgbàrá òjò ni. Ẹni tó pa àlọ́ yẹn ti dúró wo àgbàrá bó ti ń ṣàn kọjá níwájú ààfin. "Òrúkú tindi tindi, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò." Ẹ̀wà ni. Ẹni yẹn náà ti mú ẹ̀wà kan ṣoṣo lọ́wọ́, ó wò ó. Mo fẹ́ràn láti mú àlọ́ kí n tún fi ẹsẹ̀ kan kún un: kí ló dé tí ẹ̀wà fi lé tìróò, kí ló sì dé tó jẹ́ ojú kan ṣoṣo náà ló lé e sí? Ẹ wò ó dáadáa nígbà tí ẹ bá ń ṣa ẹ̀wà. Ojú funfun kékeré kan wà láàárín dúdú yẹn. Ibẹ̀ ni ẹ̀wà náà ti so mọ́ èèpo nígbà tó wà lóko, ibẹ̀ ló ti ń gba oúnjẹ.

Kí ìbéèrè kúrú, kó ṣe é fọwọ́ tọ́ka sí

Ìbéèrè tó tóbi ń gba ìdáhùn tó tóbi, ìdáhùn tó tóbi sì máa ń ṣófo. Bí ọmọ bá bi mí pé, "Mà, kí ni ìgbóná?" mo lè fi gírámà bò ó títí aago á fi lù. Ṣùgbọ́n bó bá ní, "Mà, kí ló dé tí irin fèrèsé fi tutù ju pátákó tábìlì lọ láàárọ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú yàrá kan náà làwọn méjèèjì sùn?" kò sí ibi tí mo lè sá gbà. Ọ̀rọ̀ "sùn" yẹn pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn rò: irin náà kò tutù jù. Ẹ gbé tẹmọ́mítà lé àwọn méjèèjì, ìwọ̀n kan náà lẹ máa rí. Irin ló ń yára fa ìgbóná kúrò lọ́wọ́ wa, pátákó ń lọ́ra. Ọwọ́ wa kò mọ ìwọ̀n ìgbóná ohun tó fọwọ́ kàn. Bí ìgbóná tirẹ̀ ṣe ń yá kúrò lára rẹ̀ ló mọ̀.

Nítorí náà, ẹ dárúkọ ohun kan, ẹ dárúkọ ibi tó wà, kí ẹ sì dárúkọ ohun tó ṣe tó yà yín lẹ́nu. Ẹ má fi òyìnbó tí kò dá yín lójú bò ó kó lè dà bí ìbéèrè ọ̀mọ̀wé.

Ti ọ̀wọ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ Yorùbá la wà, ọmọdé ò kàn lè ki àgbà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ lo "ẹ," ẹ sọ pé, "Ẹ dákun mà, mo fẹ́ kọ́gbọ́n ni." Ó tó. Àṣà kan wà tí n kò fẹ́, ti kí ọmọ máa bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó béèrè: ẹ má bínú o, mo mọ̀ pé kò nítumọ̀ o, ẹ forí jì mí o. Kó tó dé ìdí ìbéèrè, àánú rẹ̀ ti ṣe ẹni tó fẹ́ dá a lóhùn, ìdáhùn tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún ni wọ́n máa fún un. Àgbà ń gba ọ̀wọ̀ tó yẹ ẹ́ bí ọmọ bá fetí sí ìdáhùn. Ìbéèrè fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tó yẹ ká tọrọ àforíjì lé lórí.

Nígbà tí ẹ̀rín bá wá sọ

Ìtàn tí mo máa ń sọ fún gbogbo kíláàsì tuntun ni ti Erasto Mpemba, ọmọ ilẹ̀ Tanzania. Ní ọdún 1963, nígbà tí wọ́n ṣì ń pe orílẹ̀-èdè náà ní Tanganyika, ó wà ní Magamba Secondary School. Àwọn ọmọkùnrin ibẹ̀ máa ń ṣe áísìkiriìmù: wọ́n á se mílíìkì, wọ́n á pò ó mọ́ ṣúgà, wọ́n á jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó gbé e sínú fíríìjì. Àyè inú fíríìjì kò tó wọn. Lọ́jọ́ kan, ọmọ kan po mílíìkì tirẹ̀ láìsè é, ó sáré gbé e wọlé kí wọ́n má bàa gba àyè mọ́ ọn lọ́wọ́. Mpemba rí i pé àyè ń tán lọ, ni òun náà bá gbé tirẹ̀ wọlé bó ti ń gbóná. Nígbà tí wọ́n padà dé lẹ́yìn wákàtí kan àtààbọ̀, ti Mpemba ti dì gbagidi. Ti ọmọ kejì ṣì ń ṣàn.

Ó lọ bi tíṣà rẹ̀ pé báwo ló ṣe jẹ́. Tíṣà ní ọkàn rẹ̀ ló dàrú, pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó gbà fún tíṣà, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Nígbà tó yá, ó bá àwọn tó ń ṣe áísìkiriìmù tà ní ìlú Tanga pàdé, ó sì gbọ́ lẹ́nu wọn pé gbígbóná làwọn náà ń gbé tiwọn sínú fíríìsà, torí ó ń yára dì. Nígbà tó wọ Mkwawa High School ní Iringa, tí wọ́n ń kọ́ wọn nípa bí nǹkan ṣe ń tutù, ó tún bi tíṣà ibẹ̀. Tíṣà náà ní fisíìsì Mpemba nìyẹn, kì í ṣe fisíìsì gbogbo ayé. Láti ọjọ́ náà, bó bá ṣi ìṣirò kan ṣe pẹ́nrẹ́n, gbogbo kíláàsì á ní, "Ìṣirò Mpemba nìyẹn!"

Lẹ́yìn náà ni Denis Osborne, tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Dar es Salaam, wá bá wọn sọ̀rọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sì gba ìbéèrè. Mo fẹ́ kí ẹ wo bí Mpemba ṣe gbé tirẹ̀ kalẹ̀. Ó ní tí ènìyàn bá bu omi tó dọ́gba sínú ife méjì, tí ọ̀kan gbóná dé 35 °C, tí èkejì dé 100 °C, tó wá gbé wọn sínú fíríìsà, èyí tó wà ní 100 °C ló ń kọ́kọ́ dì. Kí ló fà á? Ife méjì, nọ́ńbà méjì, fíríìsà kan. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Osborne kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun máa dán an wò. Nígbà tó padà sí Dar es Salaam, ó ní kí ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́ nínú yàrá ìwádìí gbìyànjú rẹ̀. Ọkùnrin náà padà wá jíṣẹ́ pé òótọ́ ni omi gbígbóná kọ́kọ́ dì, ó sì fi kún un pé àwọn máa tún un ṣe títí àwọn á fi rí èsì tó tọ́! Kíláàsì mi kì í jẹ́ kí n kọjá ibẹ̀ yẹn, wọ́n á ní kí n tún un sọ. Ní ọdún 1969, Mpemba àti Osborne jọ gbé ìwé jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà *Physics Education*, orúkọ ọmọ tí wọ́n fi ṣẹ̀sín sì ni gbogbo ayé fi ń pe ọ̀rọ̀ náà títí di òní.

Ohun tí ẹ máa rí kọ́ níbẹ̀ pọ̀. Kò dá ẹ̀rín dúró, kò sì bá wọn rín in láti fi pa ìbéèrè ara rẹ̀ rẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí ẹ̀rín bá ti sọ báyìí, a máa ń yára sọ pé, "Ẹ má wò ó, mo kàn ń ṣeré ni." Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ láé. Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in tán, torí ẹ̀rín dùn, ó sì ń jí kíláàsì tó ń sùn. Lẹ́yìn náà, ẹ tún ìbéèrè náà sọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan náà, kí ẹ máa wo ojú ẹni tí ẹ bi. Ìgbà kejì yìí ni wọ́n máa ń gbọ́ ọ.

Bí ẹni tí ẹ bi kò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ wá ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣe é lójoojúmọ́. Àwọn tó ń ta áísìkiriìmù ní Tanga mọ ohun tí tíṣà méjì sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀. Fúnra mi, bí mo bá fẹ́ mọ ìdí tí àkàrà kan fi ń wú tí òmíràn fi ń rọ̀ pẹlẹbẹ, mi ò ní í kọ́kọ́ lọ sí yunifásítì.

Ẹ fi ọwọ́ ara yín dán an wò

Àwọn ọmọ mi kò gbà kí n kàn sọ ìtàn Mpemba kí n sì lọ. Ìyá kan tó ń ta omi tútù nítòsí wa yá wọn ní igun kan nínú fíríìsà rẹ̀. Wọ́n lo ife méjì tó jọra, wọ́n wọn omi sínú méjèèjì, wọ́n kọ aago sílẹ̀. Nígbà míì, èyí tó gbóná ló ń ṣíwájú; nígbà míì, èyí tó tutù; nígbà míì sì rèé, iná lọ, àwọn méjèèjì sì jọ di omi padà. Inú bí wọn. Mo ní kí wọ́n má bínú, torí ibi tí ọ̀rọ̀ náà dé láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé náà nìyẹn. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Henry Burridge àti Paul Linden, dán an wò léraléra, wọ́n sì kọ̀wé pé àwọn kò rí ẹ̀rí tó dúró ṣinṣin. Bí tẹmọ́mítà bá sún díẹ̀ péré nínú ife, èsì lè yí padà. Àwọn mìíràn ṣì ń jiyàn pé ó wà. Ìbéèrè ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lórí áísìkiriìmù ṣì ń da àwọn onímọ̀ láàmú lẹ́yìn ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún!

Nínú fíríìsà yẹn ni àwọn ọmọ náà ti kọ́ ohun tí n kò lè fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ wọn: pé yìnyín tó wà lábẹ́ ife ń dá sí i, pé omi gbígbóná ń fẹ́ lọ bí èéfín kí ó tó dì, pé ibi tí a gbé ife sí ṣe pàtàkì.

Ẹ má sì rò pé ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín kò lè gbé ènìyàn débi gíga. Andre Geim lo mágínẹ́ẹ̀tì tó lágbára púpọ̀ láti gbé ọ̀pọ̀lọ́ kan léfòó nínú afẹ́fẹ́ ní Nẹ́dálándì ní ọdún 1997, láìsí okùn, láìfọwọ́ kàn án. Ní ọdún 2000, wọ́n fún un ní Ig Nobel, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ń pani lẹ́rìn-ín kó tó múni ronú. Ọkùnrin kan náà yìí àti Konstantin Novoselov ló fi sẹ́lótéèpù ń ṣí ohun tí wọ́n fi ń ṣe inú pẹ́ńsù ní ìpele-ìpele, títí ó fi ku ìpele kan ṣoṣo tí kò sí ohun tó tún lè fẹ́lẹ́ jù ú lọ. Ẹ̀bùn Nobel ti fisíìsì ni wọ́n gbà lórí ìyẹn ní ọdún 2010. Edwin Land, ẹ̀wẹ̀, ya fọ́tò ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́ta ní ọdún 1943, ọmọ náà sì bi í pé kí ló dé tí òun ò lè rí fọ́tò náà nísinsìnyí. Bàbá míì ì bá ní, "Ó di ìgbà tí wọ́n bá fọ̀ ọ́." Land lọ jókòó tì í. Ní ọdún 1948, kámẹ́rà Polaroid tó ń pọ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀ ti wà lọ́jà.

Níbi tó ti kan owó àti ẹ̀mí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí. Àwọn ibi kan wà tí ojú ti máa ń tì wá láti béèrè, tó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ló yẹ ká ti béèrè jù.

Ẹ mú ṣọ́ọ̀bù oògùn. Wọ́n á ní, "Ṣíbí kan, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́." Ẹ bi wọ́n pé, "Ẹ dákun, ṣíbí wo? Èyí tí a fi ń po tíì ni àbí èyí tí a fi ń jẹ ìrẹsì?" Àwọn tó wà lẹ́yìn yín lórí ìlà á rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Ṣíbí tíì tí wọ́n fi ń wọn oògùn gba 5 ml. Ṣíbí ńlá gba 15 ml. Ìlọ́po mẹ́ta nìyẹn, ó sì lè jẹ́ ọmọ ọwọ́ ni wọ́n fẹ́ fún. Ìbéèrè yẹn ló máa jẹ́ kí olóògùn fi ìdérí tàbí ṣíbí kékeré inú páálí oògùn náà hàn yín. Ẹ tún bi wọ́n: lẹ́yìn oúnjẹ ni àbí kí a tó jẹun? Bí mo bá gbàgbé ti ọ̀sán, ṣé kí n lo méjì lálẹ́? Kò sí èyí tó kéré jù nínú wọn.

Ọmọ kékeré kan ní kíláàsì mi ló tún béèrè pé, "Mà, kí ló dé tí jẹnẹrétọ̀ kì í sùn nínú ilé, ṣé kì í ṣe ará ilé ni?" A rẹ́rìn-ín títí. Mo wá pa iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà tì, mo sọ fún wọn nípa carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tó ń jáde lẹ́nu jẹnẹrétọ̀. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Ó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ tó ń mú wa wà láàyè lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200, ẹni tó bá sì sùn kò ní í mọ̀ tí yóò fi lọ. Kọ̀ríídọ̀ kì í ṣe ìta. Ìdí fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ kì í ṣe ìta. Àwọn ọmọ náà délé lọ bi àwọn òbí wọn léèrè, ìdílé tó gbé tiwọn kúrò ní kọ̀ríídọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ju ẹyọ kan lọ.

Lórí fóònù náà ńkọ́? Wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, wọ́n ní láti báńkì rẹ̀ ni, pé káàdì rẹ̀ fẹ́ kú, kó yára ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi wọ́n pé, "Báńkì ló fi nọ́ńbà yìí ránṣẹ́ sí mi, ẹ̀yin náà sì ní ẹ̀yin ni báńkì. Ṣé ẹ ò rí ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ ni?" Wọ́n já fóònù mọ́ ọn létí. Mo ti kọ́ gbogbo àwọn ìyá tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ìbéèrè yẹn bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

Ní ọjà, ẹ fi ẹ̀rín béèrè, torí ẹ̀rín ló ń tú ọjà lójú. "Ẹ kú ọjà o, ìyá mi. Ṣé ìsàlẹ̀ kóńgò yìí wà nísàlẹ̀ lóòótọ́?" Ẹni tí kóńgò rẹ̀ kò ní ohun kan á fi hàn yín, á sì fi ẹ̀ẹ̀ní sí i. Ẹni tí wọ́n ti fi òòlù gbá ìdí tirẹ̀ wọnú á rẹ́rìn-ín, òun náà á sì fi ẹ̀ẹ̀ní sí i.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n bi

"Ẹnu rẹ ti pọ̀ jù." Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ rí. Mo bẹ ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Bí ọmọ bá béèrè pé kí ló dé tí òru fi ṣókùnkùn, ó rọrùn láti ní, "Òòrùn ti wọ̀, kí lo tún fẹ́?" Heinrich Olbers, dókítà ará Jámánì, kọ̀wé lórí ìbéèrè yẹn gan-an ní ọdún 1823. Ó ní bí ìràwọ̀ kò bá lópin, tí wọ́n sì ti wà láti ayérayé, ibikíbi tí a bá kọjú sí lójú ọ̀run, ìràwọ̀ kan ló yẹ kí ojú wa bá níbẹ̀, kí gbogbo ojú ọ̀run sì mọ́lẹ̀ rekete lóru. Kò rí bẹ́ẹ̀, torí àgbáálá ayé àti ìràwọ̀ inú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan bíi bílíọ̀nù 13.8 ọdún sẹ́yìn, ìmọ́lẹ̀ àwọn tó jìnnà jù kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Òkùnkùn tí ọmọ ń béèrè yẹn ń sọ ọjọ́ orí àgbáálá ayé.

Ẹ jẹ́ kí ara yín gbà láti sọ pé, "Èmi náà ò mọ̀ ọ́n. Jẹ́ ká wá a." Kò bu iyì yín kù rárá, ọmọ tó bá gbọ́ ọ kì í gbàgbé.

Ní kíláàsì mi, páálí mílíìkì kan wà lórí tábìlì tí a gé ihò sí lórí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, kò ní í kọ orúkọ, á jù ú sínú rẹ̀. Ní ìparí ẹ̀kọ́ ọjọ́ Jímọ̀, a máa mú ọ̀kan. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ló máa kọ́kọ́ gbìyànjú ìdáhùn. Ẹ̀rín kò dín kù látìgbà náà, ṣùgbọ́n ojú ẹni tó ń rín in ti ń ronú kó tó pa ẹnu dé.

Ìgbà kan, èyí tó jáde nínú páálí ni: "Àkùkọ ló ń jí wa. Ta ló ń jí àkùkọ?" Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín dìde, ó ní ìmọ́lẹ̀ ni. Ọmọbìnrin kan ní tiwọn ń kọ kí ilẹ̀ tó mọ́ rárá. Wọ́n jà á títí aago fi lù. Àwọn olùwádìí ilẹ̀ Japan, Tsuyoshi Shimmura àti Takashi Yoshimura, ti kó àwọn àkùkọ sínú ibi tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í yí padà tọ̀sán-tòru, wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2013: àwọn àkùkọ náà ṣì ń kọ ní àsìkò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wákàtí mẹ́rìnlélógún mu. Aago wà nínú ara wọn. Ní ọdún 2015, wọ́n tún fi hàn pé nínú agbo, àkùkọ tó jẹ́ ọ̀gá ló ń kọ́kọ́ kọ, àwọn tó kù á sì tẹ̀lé e ní ìpele ipò wọn, títí dé orí èyí tó kéré jù. Inú àwọn ọmọ náà dùn sí ti ipò yẹn ju ti aago lọ. Wọ́n ní àkùkọ pàápàá mọ àgbà.

Àwọn tó ṣì wà nínú páálí nìyí, ẹ bá wa gbìyànjú wọn nílé. Bí ilẹ̀ bá ń yí lóòótọ́, kí ló dé tí ẹyẹ tó fò sókè fi ń bà padà sórí igi kan náà? Ṣé imú lè gbọ́ òórùn ara rẹ̀? Ta ló kọ́kọ́ mọ̀ pé a gbọ́dọ̀ rin ẹ̀gẹ́, ká fún un, ká tó yan án, kí oró inú rẹ̀ tó lọ, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó jẹ ẹ́ ṣíwájú rẹ̀? Ti ẹ̀gẹ́ yẹn la máa mú lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ní ìyá àgbà tó ń yan gààrí, ẹ bá wa bi wọ́n kó tó di ọjọ́ náà.